ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: “Almost”, “nearly” àti “all but”

“Almost” àti “nearly” ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò níbi tí àwa ti ń sọ pé “fẹ́rẹ̀ẹ́”. Èyíkéyìí nínú wọn bá “It is almost ten o’clock” mu. Ṣùgbọ́n ìlò wọn kò dọ́gba níbi gbogbo. “Almost” ló máa ń bá ọ̀rọ̀ ìyísódì bíi “nobody” àti “never” rìn: “Almost nobody came.” “Nearly” kì í sábà dé ibẹ̀. A sì lè sọ pé “very nearly”. A kì í sọ pé “very almost”.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù nìyí. “The money is not nearly enough” kò sọ pé owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ohun tó ń sọ ni pé ó kù púpọ̀ kó tó. “The work is all but finished”: iṣẹ́ ku díẹ̀ kó parí. Àmọ́ “All but two passed” ń sọ pé gbogbo wọn ló yege àfi àwọn méjì. Ìlò kejì yìí ló wọ́pọ̀ nígbà tí iye tàbí orúkọ bá tẹ̀lé “all but”.

Ní ti ìfojúbù aago, “sevenish”, ìyẹn bí aago méje, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́.