Ọmọ Àgbàtọ́ àti Ọmọ Tí A Tọ́ Nílé Òbí Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kì í pẹ́ kí àwa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tó pe ọmọ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí kò lè dúró de ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré, tí ń já nǹkan gbà láì tọrọ, a ó ní bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá a. Ohun tí a rí ní ilẹ̀ Ròmáníà kò jẹ́ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1966 ni ìjọba ilẹ̀ náà fi òfin de oyún ṣíṣẹ́, kí ènìyàn lè pọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí bí ọmọ tí agbára wọn kò ká, ìjọba sì ń kó wọn sí ilé ìtọ́jú. Nígbà tí ìjọba Ceausescu ṣubú ní ọdún 1989, àwọn ọmọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ju 100,000 lọ. A ń bọ́ wọn, a sì ń wẹ̀ wọ́n lákòókò. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú kan ni ó ń bójú tó ọmọ púpọ̀, bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn a dé. Ọmọ a ké títí, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú ìdáhùn náà gan-an ni ọmọ ti ń kọ́ pé bí òun bá fọhùn, ẹnìkejì yóò fèsì. Ibẹ̀ ni ìbákẹ́gbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah yan ọmọ 136 nínú àwọn ilé náà ní Bucharest. Ìbò ni wọ́n fi mú ìdajì lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Wọ́n sì mú àwọn tí ń gbé lọ́dọ̀ òbí wọn láti fi wé wọn. (Bí ìbò yìí bá bí ẹnikẹ́ni nínú, a kò bá a wí; ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, alágbàtọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ní ìlú náà.) Nígbà tí àwọn ọmọ pé ọdún 8, àwọn olùkọ́ wọn ni a bi léèrè ìwà wọn láàrin ẹgbẹ́. Àwọn tí ó dé ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ kí wọ́n tó pé oṣù 20 kò yàtọ̀ sí àwọn tí a tọ́ nílé òbí. Àwọn tí ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀ ni ó rẹ̀yìn.

Kí a má sì fi èyí díwọ̀n ọmọ àgbàtọ́ tiwa. Ọmọ tí a rán láti oko sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nítorí ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́kọ́ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀; bí ó bá dákẹ́ nínú kíláàsì, ó lè jẹ́ àárò ilé ni ó ń sọ ọ́.

Ní ti Ròmáníà, ní ọdún 2004 ni a ṣe òfin níbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2 sí ilé ìtọ́jú mọ́, àfi ẹni tí àbùkù ara rẹ̀ pọ̀ gidigidi.