Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Mo Ti Dé Berlin, Ṣùgbọ́n Orúkọ Mi Kò Tíì Dé Ìwé Ìlú

ÌBÉÈRÈ

Ìbàdàn ni mo ti wá sí Berlin láti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ilẹ̀ wa kan fún mi ní yàrá nínú ilé tó háyà, ṣùgbọ́n ó ní n kò gbọ́dọ̀ fi àdírẹ́sì náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Mo ti ríṣẹ́ kékeré kan, agbanisíṣẹ́ wá ń bèèrè nọ́ńbà owó-orí tí n kò ní. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń gún iyán lọ́wọ́ ni aládùúgbò fi ìbínú kan ilẹ̀kùn mi. Láti ìgbà náà, ó ń ṣe mí bíi pé gbogbo ilé kórìíra mi. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú. Ṣé kí n máa bọ̀ nílé ni?

Akẹ́kọ̀ọ́, Neukölln

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú àjò, o sì kú ìrọ́jú. Má tíì di ẹrù. Nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni kò ṣeé fi falẹ̀: orúkọ rẹ tí kò sí nínú ìwé ìlú.

Òfin Jámánì ní kí ẹni tó bá kó wọ ilé forúkọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní Anmeldung nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà owó-orí tó ní dígíìtì 11 máa ń bá ọ̀nà lẹ́tà wá. Àwọn aṣojú ìwọlé, ìyẹn Landesamt für Einwanderung, náà máa bèèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ yìí nígbà tí o bá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú kí físà rẹ tó parí.

Láti ọdún 2015 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó fún èèyàn nílé fọwọ́ sí ìwé kan tó ń jẹ́ Wohnungsgeberbestätigung. Kò dìgbà tí ẹni tó ni ilé gan-an bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó fún ọ ní yàrá lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 1,000 yúrò. Fi sùúrù ṣàlàyé fún un, nítorí ó lè jẹ́ pé kò gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé kó tó gbà ọ́ sílé, kí ìyẹn sì máa bà á lẹ́rù. Bí kò bá gbà, wá yàrá mìíràn. Àjọ studierendenWERK BERLIN ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn máa ń dúró pẹ́ kó tó kàn án, ó sì ní àwọn agbaninímọ̀ràn. Ẹni tó bá fẹ́ ta àdírẹ́sì ibi tí o kò gbé fún ọ, sá fún un: owó ìtanràn ìyẹn lè dé 50,000 yúrò.

Nígbà tí ìwé bá pé, gba Termin, ìyẹn àkókò ìpàdé, ní Bürgeramt, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Èyíkéyìí ní Berlin ló lè gbà ọ́, wọn kì í sì í gba owó. Bí àyè kò bá sí, tún wò lówùúrọ̀ kùtù, torí àwọn mìíràn máa ń fagi lé tiwọn. Kọ orúkọ rẹ sára àpótí lẹ́tà pẹ̀lú. Bí alálẹ́tà kò bá rí i níbẹ̀, yóò dá lẹ́tà rẹ padà ni.

Ní ti iyán, bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ní Berlin, ariwo kò gbọ́dọ̀ sí láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀, àti jálẹ̀ ọjọ́ Àìkú. Odó ló bí aládùúgbò rẹ nínú, kì í ṣe ìwọ. Lọ kàn sí i, sọ orúkọ rẹ, kí o sì tọrọ gáfárà. Máa gún tìrẹ lọ́sàn-án Sátidé, tàbí kí o ro pọ́ńdò. Bí o bá fẹ́ gàrí àti èlùbọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pọ̀ ní àdúgbò Wedding.

Òkùnkùn náà kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ní àárín oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ kí aago mẹ́jọ tó lù, á sì ti wọ̀ kí mẹ́rin tó kọjá. Máa jáde rìn lọ́sàn-án, kódà nínú òtútù. Forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì èdè ní Volkshochschule, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, ní àdúgbò rẹ, níbi tí o ti máa rí àwọn àlejò bíi tìẹ. Bí ọkàn rẹ kò bá fúyẹ́, ọ̀dọ̀ studierendenWERK yẹn kan náà ni kí o lọ. Wọ́n ní àwọn tó ń tọ́jú ọkàn akẹ́kọ̀ọ́.

Nítorí náà, má wálé nítorí èyí. Lọ́sẹ̀ yìí gan-an, bá ẹni tó fún ọ ní yàrá sọ̀rọ̀. Bí ó bá fọwọ́ sí ìwé, dúró síbẹ̀. Bí kò bá ṣe é, kó kúrò.