Ojú Kò Ṣeé Fi Dánra Wò: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Ṣómólú àti Bàrígà

Ọmọ mi, ìwọ tí ò ń tẹ̀wé, tí ò ń gé irin, tí ò ń jó páìpù ní Ṣómólú àti Bàrígà, jókòó kí o gbọ́.

1. Wọ awò ààbò sídìí ẹ̀rọ, bí ooru tilẹ̀ ń mú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí eérún irin bá ha awọ mímọ́ kedere tó wà níwájú ẹyinjú, kòkòrò ti rí ọ̀nà wọlé. Bó bá há síbẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi etí bébà yọ ọ́.

2. Kì í ṣe gbogbo ojú pípọ́n ni Àpólò. Àpólò tó bẹ̀rẹ̀ ní Gánà lọ́dún 1969, nígbà tí Apollo 11 lọ sí òṣùpá, sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń dùn ọ́ gan-an, tí o kò lè wo iná, tí àmì funfun bíńtín yọ lójú dúdú, egbò ni. Má fi dọ̀la. Kòkòrò tí ń jẹ́ Pseudomonas lè jẹ awọ náà já láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

3. Má kán omi ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ewé sí i. Kòkòrò mìíràn lò ń kó lé ti àkọ́kọ́.

4. Má ṣe ara rẹ ní dókítà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì. Ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n ń tà ló ní dexamethasone nínú. Bí o bá kán an, pípọ́n á rọlẹ̀, o ó máa dúpẹ́, kòkòrò á sì máa gbilẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí owó ara ẹni lèèyàn fi ń ra ìfọ́jú.

5. Jẹ́ kí dókítà ojú ha díẹ̀ lára egbò náà, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí láàbù. Kòkòrò kò jọra. Nocardia wà, àwọn ìbátan kòkòrò ikọ́ ife náà wà. Wọn kì í sábà kó ojú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó o, oògùn tí gbogbo èèyàn ń kán lè má ràn wọ́n. Amikacin ni dókítà sábà ń lò fún wọn. Àwọn kan a máa pẹ́ kí wọ́n tó hù ní láàbù, nítorí náà ní sùúrù. Bó bá sì jẹ́ fungus, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, kò sí antibáyótíkì tó máa pa á.

6. Kán oògùn bí wọ́n ṣe ní kí o kán an. Níbẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ wákàtí-wákàtí, tọ̀sán tòru; jẹ́ kí fóònù máa jí ọ. Fún Nocardia, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ìrora bá lọ, má dáwọ́ dúró: bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

7. Ìwọ tí ò ń wọ lẹ́ǹsì aláwọ̀ lọ òde àríyá, má fi sùn, má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, má sì fi yá ọ̀rẹ́.

Guinness Eye Centre wà ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà. Bí ojú bá ń dùn ọ́ bí o ti ń ka èyí, gbéra lónìí, kí o sì mú ìgò oògùn tí o ti ń kán dání kí dókítà lè rí i.