Gbígba Àlejò Ẹlẹ́sìn Gbogbo Sílé Ní Ìgbà Ìkórè

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí koríko ọ̀dàn ń gbẹ, tí iṣu àti àgbàdo sì ti wọlé, nígbà náà ni àwọn ìjọ Òkè-Ògùn máa ń ṣe Ìkórè. Olùkọ́ tí a bá rán lọ sí Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn kò lè ṣàìgba àlejò ní àkókò yìí, kì í sì í ṣe onígbàgbọ́ nìkan ni yóò wá. Onílé rẹ̀ lè jẹ́ Mùsùlùmí. Fúlàní tí ń ta wàrà fún un yóò yà. Àwọn àgbà tí kò fi ẹ̀sìn baba wọn sílẹ̀ yóò wá kí i.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a fi àṣìṣe ti ara wa ṣe ẹ̀kọ́. Ní ọdún kan, a gé màrìwò, a sì fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ilé lè dàbí ilé ìsìn. A retí àwọn àgbà àdúgbò títí. Ìgbà tí a jáde ni a bá wọn ní ìdúró lẹ́yìn ògiri. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ awo ni ó wà nínú ilé. Màrìwò ni aṣọ Ògún, òun ni a sì fi ń sàmì sí ojúbọ; ẹni tí a kò pè kì í wọ ibi tí ó bá wà. Ewé lásán ni àwa rí, ìkìlọ̀ ni àwọn rí. Ojú tì wá púpọ̀, a sì tú u kúrò.

Ohun ọ̀ṣọ́ mìíràn kò wọ́n ní ilẹ̀ wa. Kí a so àgbàdo ní ìdì-ìdì, kí a to iṣu sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí a gbé igbá fínfín sórí tábìlì. Aṣọ òfì Ìsẹ́yìn ni ó borí gbogbo wọn. Bí a bá ta ẹ̀tù tàbí sányán kan sára ògiri, inú Mùsùlùmí yóò dùn, ti onígbàgbọ́ yóò dùn, nítorí gbogbo wa ni a ń fi í ṣe ìgbéyàwó. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìṣó kàn án; owó ńlá ni.)

Ọ̀ràn ẹran ni ó ṣòro jù. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran tí a kò dárúkọ Ọlọ́run lé lórí nígbà tí a dúńbú rẹ̀. Nítorí náà, kí a bẹ aládùúgbò Mùsùlùmí kí ó bá wa dúńbú ewúrẹ́ náà, kí a sì se gbogbo rẹ̀ nínú ìkòkò kan. Kí ọtí má sí níbẹ̀ rárá. Ní ti iyán, kí a kọ́kọ́ béèrè bí ìdílé àwọn àgbà bá ti jẹ iṣu tuntun. Bí wọn kò bá tíì jẹ ẹ́, àmàlà wà.

Kí a tún máa wo òṣùpá. Ọdún Mùsùlùmí fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju tiwa lọ, nítorí náà ni Iléyá ọdún 2012 ṣe bọ́ sí ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, láàrin Ìkórè gan-an. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, kí àwa kọ́kọ́ lọ jẹ ẹran Iléyá lọ́dọ̀ wọn. Bí ó bá sì bọ́ sí oṣù Ààwẹ̀, lẹ́yìn ìṣínu ni kí àsè wa jẹ́.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òfì ni a ta. Àgbà tí ó ṣáájú àwọn tí ó dúró lẹ́yìn ògiri ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà wò, ó sì béèrè ẹni tí ó hun ún.