Ìtàn Tí Kò Ní Asọ̀tàn Ń Bọ̀ Wá sí Ìgbẹsà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba sé wa mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà, àwọn ará Ọ̀tà, Sàngó, Ìjòkó àti Ifọ̀ kò rí oorun sùn. Ìròyìn ti gbòde pé ẹgbẹ́ olè One Million Boys ń bọ̀, pé wọ́n tilẹ̀ ti kọ lẹ́tà ṣáájú. Àwọn ọkùnrin dáná sun táyà ní oríta, wọ́n mú àdá àti kùmọ̀, wọ́n ṣọ́ títì mọ́jú. Olè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọlọ́pàá sì mú àwọn kan. Ṣùgbọ́n ohùn orí WhatsApp ló dẹ́rù ba ìlú ju olè lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọwọ́ ènìyàn ló hun ìtàn ìgbà náà, wọn kò sì mọ̀ ọ́n hun tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ yìí, ẹ̀rọ ni yóò hun ún, ẹ̀rọ tí wọ́n ti kọ́ ní ohun tó ń mú ọkàn ọmọ ènìyàn.

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rọ ní ìtàn. Ní 1976, James Meehan ní Yunifásítì Yale, ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń pa ìtàn ẹranko, TALE-SPIN ni wọ́n pè é. Ìtàn rẹ̀ kò ládùn rárá. Ọdún kejì ni Roger Schank àti Robert Abelson tẹ ìwé jáde pé ọpọlọ wa máa ń tọ́jú ìlànà ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wọ dánfó ní Lùsádà ti mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lanu, pé kọ̀ndọ́ yóò béèrè owó, pé ọ̀rọ̀ ṣéńjì lè di ìjà. Ìtàn tó bá bá irú ìlànà bẹ́ẹ̀ mu, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbà á gbọ́. Ní 1982, William Brewer àti Edward Lichtenstein ṣàlàyé pé bí asọ̀tàn ṣe ń tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ló ń dè wá mọ́lẹ̀: bó bá fi àbájáde falẹ̀, àyà wa a máa já, bó bá fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́, a ó máa wá a kiri, bó bá fi ohun tí a kò fura sí pamọ́, ẹnu a yà wá nígbà tó bá yọjú. Àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní irú nǹkan wọ̀nyí láti ọdún pípẹ́. Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹnikẹ́ni tó ní fóònù àti dátà lè bẹ ẹ̀rọ ní ìtàn kó sì rí i gbà lójú ẹsẹ̀.

Ní 2000, Melanie Green àti Timothy Brock rí i pé ẹni tí ìtàn bá gbé lọ kì í tètè rí ibi tí ìtàn náà ti mẹ́hẹ, èrò rẹ̀ a sì máa tẹ̀ síbi tí ìtàn náà dorí kọ. Bí wọ́n sọ pé òótọ́ ni, bí wọ́n sọ pé àròsọ ni, ìyẹn kò dí ìtàn lọ́wọ́ láti gbé e lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ṣe fídíò, tí ẹ wá kọ “àròsọ ni o” sí ìsàlẹ̀, ẹ má tan ara yín. Àkọlé yẹn kò gba ẹnikẹ́ni là.

Irú ìtàn tó ń gbé ènìyàn lọ bẹ́ẹ̀ ti pa ènìyàn rí. Ní oṣù kẹjọ 2014, nígbà Ebola, ohùn kan gbòde pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Ìlú dìde lóru, àjọ ìlera àgbáyé sì ròyìn pé ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà lórí omi iyọ̀ náà. Ní 2017, nígbà tí ẹ̀rù ẹgbẹ́ apànìyàn Badoo gba Ìkòròdú kan, èrò lu aláwàdà kan àti àwọn tó bá a lọ pa, wọ́n dáná sun wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo.

Ẹ wá wo Ìgbẹsà, ìlú wa yìí. Àwórì, Ẹ̀gùn, Hausa, Igbo àti ará Ṣáínà ni wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láti ibí dé Àgbárá. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìlú rú lè ní kí ẹ̀rọ kọ ìtàn ọmọ tó sọnù: kó fi orúkọ ọjà Lùsádà sí i, kó fi ohùn ìyá tó ń sunkún sí i, kó fi ẹ̀yà kan ṣe ọ̀daràn, kó sì yí ìtàn kan náà padà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Òótọ́ kì í rìn báyẹn. Ìjà láàárín Zhongshan, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn lórí ọgbà òwò ọ̀fẹ́ tó wà ní Ìgbẹsà níbí bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ọdún 2021 ni ìgbìmọ̀ onílàjà dájọ́ pé kí Nàìjíríà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là fún Zhongshan, ọdún 2024 sì ni ilé ẹjọ́ ní Paris ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ òfuurufú ìjọba àpapọ̀. Ọdún mẹ́jọ, pẹ̀lú òkìtì ìwé ẹjọ́! Mélòó nínú wa ló fi sùúrù tẹ̀lé e? Ẹni tí kò lè fara balẹ̀ gbọ́ òótọ́ tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ mú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga OGITECH àti Crawford, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín yá, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́ ìmọ̀ fífi ẹ̀rọ hun ìtàn yìí dójú àmì. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fi orúkọ ìlú tó wà, ẹ̀yà tó wà, tàbí ohùn oníròyìn sínú ìtàn ìwà ọ̀daràn tí ẹ̀rọ hun. Nítorí owó tí fídíò ń mú wọlé, ẹ má ṣe é. Ìyá àgbà tó ń pàlọ́ fún wa mọ̀ ọ́n fa ọkàn wa, ṣùgbọ́n a mọ ilé rẹ̀, a lè bi í léèrè ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ọwọ́ yín ni ẹ̀mí wà. Bí ẹnì kan bá mú irú ohùn orí WhatsApp bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé, ẹ bi í: ta ló sọ ọ́, níbo ló ń gbé, ta ló rí i lójúkorojú? Bí kò bá lè dáhùn, kí alága ní kó pa á rẹ́ níbẹ̀, lójú gbogbo yín, kí ẹnikẹ́ni má sì lu agogo, kí ẹ má kó ọ̀dọ́ jáde, títí DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, yóò fi fèsì.