Ìdarí Ìró Nínú Aṣẹ̀dá-Ìró Orí Kọ̀ǹpútà: Àbá Lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí

1. Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ọ̀dọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin nínú yàrá wọn, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ lónìí. Ètò tí ń bá wọn mú ìró jáde ni a ó pè ní aṣẹ̀dá-ìró. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ wọn yóò tètè kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà modulation. Bí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ìyípadà, kò tó: ẹni tí ó fi ọwọ́ yí bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá ti ṣe ìyípadà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá bọ́tìnnì tí òun yóò yí. Kò ní wá ohun tí yóò máa bá a yí i.

2. Ẹ jẹ́ kí a wo dùndún. Kọ̀ǹgọ́ ni ó ń lu awọ tí ìró fi ń jáde. Ọwọ́ kejì tí ń fún ọṣán kì í dún, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gbé ohùn lọ sókè sódò. Ohun tí a ń wí gan-an nìyẹn: ohun tí a kì í gbọ́, tí ó sì ń darí èyí tí a ń gbọ́. Nítorí náà a dábàá ìdarí. Èyí tí ń darí ni adarí. A fi olùdarí sílẹ̀ fún ènìyàn. Ibi tí agbára rẹ̀ dé ni òpin-ọ̀nà. Bí agbára náà ti pọ̀ tó ni ìwọ̀n ìdarí. Síso adarí mọ́ òpin-ọ̀nà ni lílà ọ̀nà ìdarí. A kò lo ìlànà, nítorí pé ó ti ní ìtumọ̀ mìíràn.

3. Ẹ mú Surge fún àpẹẹrẹ, aṣẹ̀dá-ìró tí a fi àkọsílẹ̀ ètò rẹ̀ lélẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní 2018. Ẹ la ọ̀nà láti ara kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù lọ sí gíga ohùn, kí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdajì-ohùn 12. Bí a bá ti kẹ̀kẹ́ náà, ohùn yóò gòkè bí ìgbà tí a fún ọṣán. Ẹ la ọ̀nà kejì láti ara kẹ̀kẹ́ kan náà lọ sí asẹ́ tí ń dá ìró tín-ín-rín dúró, kí asẹ́ náà máa ṣí bí ohùn ti ń gòkè. Adarí kan, òpin-ọ̀nà méjì. Bí ìwọ̀n bá wà nísàlẹ̀ òdo, ṣe ni asẹ́ yóò máa pa dé.

4. Ṣé a kò lè pè é ní ìgbọ̀n? Bí adarí bá jẹ́ ìgbì tí ń gbé gíga ohùn lọ tí ń gbé e bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lóòótọ́ ohùn yóò máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ó bá yára ju ìgbà 20 lọ dáadáa, etí kò ní gbọ́ gbígbọ̀n mọ́. Àwọ̀ ìró gan-an ni yóò di òmíràn. John Chowning ni ó kíyè sí èyí ní Yunifásítì Stanford ní 1967, ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1973. Orí ọgbọ́n yìí ni Yamaha gbé DX7 kà, ohun èlò orin tí ó jáde ní 1983. Ìdarí gba méjèèjì mọ́ra. Ìgbọ̀n kò gbà á.

5. Nípa báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní ìbéèrè mẹ́ta péré láti bi ara rẹ̀ nípa ìró kí ìró: kí ni adarí? Níbo ni òpin-ọ̀nà? Báwo ni ìwọ̀n ti pọ̀ tó? A fi àbá yìí síwájú àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì tún un ṣe níbi tí ó bá kù sí.