Híhanrun, èémí tó ń dúró lójú oorun, àti ìbéèrè tí dókítà kì í sábà bi wá

Bí ẹnì kan bá ń hanrun nílé wa, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Ó mà ti rẹ̀ ẹ́ o, ẹ jẹ́ kó sùn." A gbà pé ẹni tó ń hanrun ń gbádùn oorun. Àwọn ọmọdé á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ilẹ̀ á mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ irú híhanrun kan wà tó jẹ́ pé ìjà ni ẹni náà ń jà kó tó rí èémí mí. Sleep apnea ni wọ́n ń pe àìsàn yìí lédè Òyìnbó. Èmi á máa pè é ní àìsàn èémí dídúró lójú oorun. Lónìí mo fẹ́ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí dókítà ìdílé, ìyẹn dókítà tí a máa ń kọ́kọ́ rí, fi sábà máa ń gbójú fò ó.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun?

Tí a bá lajú sílẹ̀, àwọn iṣan tó yí ọ̀nà ọ̀fun ká máa ń jẹ́ kó ṣí sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tí a bá sùn, àwọn iṣan náà á dẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sí wàhálà, àyè tó kù ṣì tó. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rá bá pọ̀ lọ́rùn, tàbí tí ahọ́n tóbi, tàbí tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kéré, ọ̀nà náà á fún. Afẹ́fẹ́ tó ń fipá kọjá á máa mi ẹran inú ọ̀fun, ariwo ẹ̀ là ń pè ní híhanrun.

Ẹ ronú nípa sítírọ́ọ̀ tó rọ̀, tí ẹ fi ń fa yúgọ́ọ̀tì tó ki. Bí ẹ bá ṣe ń fà á tagbáratagbára, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀fun náà nìyẹn. Àyà ṣì ń lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Híhanrun á dá wáí, ilé á pa rọ́rọ́. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, títí ọpọlọ á fi ta ara jí díẹ̀. Ẹni náà á mí kanlẹ̀, á yí padà, á tún sùn lọ. Tílẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí nǹkan kan.

Èémí gbọ́dọ̀ dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ó kéré tán, kí àwọn dókítà tó kà á. Wọ́n á wá wo iye ìgbà tó dúró, tàbí tó dín kù gan-an, láàárín wákàtí kan. Tí kò bá tó 5, kò sí àìsàn níbẹ̀. Láti 5 dé 14, ó wà ní ìwọ̀nba. Láti 15 dé 29, ó ti wọra díẹ̀. Tó bá di 30 sókè, ó ti le nìyẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ìgbà 30 ní wákàtí kan túmọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, títí ilẹ̀ á fi mọ́!

Gbogbo ìgbà tí ara bá ta jí báyẹn, ọkàn á sáré, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́ fọ́dún gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé tí kò ní gbọ́ oògùn. Ó tún máa ń bá ọkàn tí kì í lù déédéé àti rọpárọsẹ̀ rìn. Ká má tíì sọ ti awakọ̀ tó ń tòògbé nídìí ọkọ̀.

Kí ló dé tí dókítà kì í fi í rí i?

Àìsàn yìí kò ṣọ̀wọ́n. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 nínú ìwé ìròyìn Lancet Respiratory Medicine fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 936 èèyàn, láàárín ẹni 30 ọdún sí 69, ló ní i káàkiri ayé. Ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí rí i lọ́dún 1997 pé nínú àwọn tí tiwọn ti wọra, ìdá 82 nínú 100 àwọn ọkùnrin àti ìdá 93 nínú 100 àwọn obìnrin ni dókítà kankan kò tíì sọ fún.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé aláìsàn fúnra ẹ̀ kò mọ̀. Ó ń sùn nígbà tó ń ṣẹlẹ̀! Ẹlẹ́rìí wà nílé, kò bá a dé ọsibítù. Ohun tí aláìsàn máa sọ fún dókítà ni pé ó ń rẹ òun, orí ń fọ́ òun láàárọ̀, òun ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru, òun ń gbàgbé nǹkan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwọ̀nyí ló ní ibi tí èèyàn lè tì í sí: ibà, wàhálà iṣẹ́, ìtọ̀ ṣúgà, ọjọ́ orí. Ti àwọn obìnrin tún ṣòroó mọ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sọ pé àwọn kò rí oorun sùn ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lo oríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì wálẹ̀. Ọdún bíi mélòó kan, iyọ̀ ni wọ́n ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n dín kù. Ọjọ́ kan ni dókítà tuntun kan bi wọ́n pé, "Bàbá, ta lẹ jọ ń sùn sí yàrá kan?" Wọ́n pe ìyàwó wọn wọlé. Màmá ní, "Dókítà, tí wọ́n bá ń hanrun, ọkàn mi balẹ̀. Tí wọ́n bá dákẹ́ lẹ̀rù máa ń bà mí, ni mo máa ń mì wọ́n." Gbólóhùn kan péré ló ṣí ọ̀rọ̀ náà.

Ìdí kejì ni ẹ̀kọ́. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé ìbéèrè kan jáde tí wọ́n pè ní OSAKA láti fi dán àwọn dókítà wò. Ìbéèrè 18 wà fún ìmọ̀, 5 sì wà fún ìhà tí wọ́n kọ sí àìsàn náà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti lò ó. Wọ́n lò ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Èkó, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2015, ó sì hàn pé ìmọ̀ wọn kò tó. Ohun tó sábà máa ń hàn níbi púpọ̀ ni pé dókítà gbà pé àìsàn yìí ṣe pàtàkì, àmọ́ ọkàn ẹ̀ kò balẹ̀ pé òun lè tọ́jú ẹ̀. Ẹ wá fi èrò tó kún ilé ìwòsàn wa kún un, àti àyẹ̀wò oorun tó wọ́n tí kò sì sí níbi púpọ̀. A ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru dókítà.

Ìbéèrè mẹ́jọ

Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kò ná èèyàn ní nǹkan kan. Lọ́dún 2008, Dókítà Frances Chung àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Toronto, ní Kánádà, gbé ìbéèrè STOP-Bang jáde. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, torí oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun máa ń dẹ iṣan ọ̀fun.

1. Ṣé ẹ máa ń hanrun débi pé wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó wà ní títì?
2. Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín, àbí ẹ máa ń tòògbé lọ́sàn-án?
3. Ṣé ẹnì kan ti rí i rí pé èémí yín dúró lójú oorun?
4. Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?
5. Ṣé BMI yín ju 35 lọ? Ẹ sọ gíga yín ní mítà di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi pín ìwọ̀n yín ní kílò.
6. Ṣé ẹ ti lé ní ẹni 50 ọdún?
7. Ṣé ọrùn yín ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ? Téèpù télọ̀ ti tó.
8. Ṣé ọkùnrin ni yín?

"Bẹ́ẹ̀ ni" 0 sí 2, ewu ẹ̀ kéré. 3 tàbí 4, ó wà láàárín. 5 sókè, ẹ tètè lọ rí dókítà. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àyẹ̀wò o, ọ̀nà ló kàn ń júwe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò pọn dandan kí dókítà máa yẹ gbogbo èèyàn wò. Lọ́dún 2022, ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn dókítà Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó fún yíyẹ àwọn tí kò ní àmì kankan wò. Ẹni tó ní àmì ló yẹ kí wọ́n bi léèrè.

Ìtọ́jú wà

Lọ́dún 1981, Colin Sullivan àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Sydney, ní Ọsirélíà, ṣàlàyé ẹ̀rọ CPAP, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba imú wọlé kí ọ̀fun má baà pàdé. Iná mànàmáná ló ń lò, ìṣòro tiwa nìyẹn, àmọ́ àwọn tó ń lo bátìrì wà. Kí èèyàn fọn díẹ̀, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kó yẹra fún ọtí lálẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣèrànwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra oògùn oorun ní kẹ́mísítì fún ẹni tó ń hanrun báyìí. Ó lè dá kún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ̀yin lẹ wà nílé, ẹ̀yin lẹ ní fóònù. Tí bàbá tàbí màmá yín bá ń hanrun tó ń dá wáí, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí ńlá, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ bá wọn lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé, "Èémí wọn máa ń dúró lójú oorun." Tí wọn ò bá bi yín, ẹ sọ ọ́.